Irun Ológbò Lẹ́nu Ọ̀nà Aboyún

Òórùn epo pupa tútù tí wọ́n pò mọ́ ẹja ṣáwá ló máa ń gbé mi padà sí ilé kan ní Ìgándò, níbi tí mo ti gba yàrá kan nígbà ayé àwọn ológun, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà. Ìwọ náà mọ irú ilé bẹ́ẹ̀: yàrá mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan láàárín, kànga àti ṣálángá lẹ́yìn. Tí ẹnì kan bá din ata ní yàrá àkọ́kọ́, ẹni tó wà ní yàrá ìkẹyìn ló máa sín. Mo rò nígbà náà pé kò sí ohun tó lè pamọ́ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀.

Eku ló mú mi wá ológbò. Eku ilé yẹn ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Wọ́n jẹ ìwé ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi, wọ́n sì jẹ etí bàtà kan ṣoṣo tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ológbò náà dúdú, àyà rẹ̀ nìkan ló funfun. Mo sọ ọ́ ní Ìnsípẹ́kítọ̀, torí pé ó ní ìrìn àwọn tó máa ń wá yẹ iṣẹ́ wa wò níléèwé: á yọ́ wọlé, á wo gbogbo igun, kò sì ní í kí ẹnikẹ́ni. Kí oṣù kan tó pé, eku ti kó lọ sílé ẹlòmíràn, inú gbogbo ayálégbé sì dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan máa ń yà fún un tó bá ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò jẹun mọ́. Ikùn rẹ̀ le, kò sì lè yàgbẹ́ dáadáa. Á lóṣòó, á na ọrùn síwájú, á máa ṣe hẹ̀, hẹ̀, hẹ̀ bí ẹni tí eegun há sí lọ́fun, títí yóò fi bi omi funfun díẹ̀ sílẹ̀. Mo gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ ọlọ́mọrí, mo wọkọ̀ lọ sí Ìyànà Ìpájà, níbi tí ọkùnrin kan ti ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìyẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ké nínú ọkọ̀. Obìnrin tó jókòó tì mí wo apẹ̀rẹ̀, ó wo ìka mi tí kò ní òrùka, ó ní, “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” ó sì sún títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún ò dénú, mi ò sì gbàgbé ojú tó fi wò mí.

Dókítà ẹran náà tẹ ikùn Ìnsípẹ́kítọ̀, ó ya ẹnu rẹ̀, ó fọwọ́ kan ahọ́n rẹ̀ tó rí ṣákaṣàka. “Irun ara ẹ̀ ló ń gbé mì, àǹtí,” ló wí. “Bó ṣe ń fi ahọ́n lá ara ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni irun ń wọ ikùn ẹ̀. Ó ti di òkìtì síbẹ̀.” Ó ní kí n máa fi ìyarun ya irun ara rẹ̀ lójoojúmọ́, kí n máa fún un lómi dáadáa, kí n sì máa po ṣíbí kékeré epo kan mọ́ oúnjẹ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí irun náà lè yọ̀ jáde. Mo dúpẹ́, mo délé, mo sì ṣe bíi tíṣà tó gbọ́n ju ìwé lọ. Mo ní bí ṣíbí kékeré bá dára, ṣíbí ọbẹ̀ á dára jù ú lọ. Àràárọ̀ ni mo ń fún un ní epo pupa.

Akọ̀wé ìjọba kan àti ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Ìyàwó náà wà nínú oyún oṣù mẹ́jọ, oyún méjì sì ti wálẹ̀ lára rẹ̀ kí èyí tó dúró. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti wá láti Èkìtì kí ó lè wà nítòsí tí ọmọ bá dé, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀ ẹ́. Ó ti kó kàn-ìn-kàn-ìn tuntun, ọṣẹ dúdú àti àdí wá nínú apẹ̀rẹ̀ kan tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó máa ń fà á jáde fi hàn mí bí ọmọdé tó ń fi aṣọ ọdún hàn. Èyí ni yóò jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́.

Màmá yìí nìkan ló fẹ́ràn Ìnsípẹ́kítọ̀ nínú ilé náà, òun ló máa ń tọ́jú orí ẹja fún un. Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á di irun ìyàwó ọmọ rẹ̀. Tó bá dì í tán, á ṣa gbogbo irun tó já sílẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, á wé e sínú ọ̀rá, á lọ sọ ọ́ sínú ṣálángá. “A kì í fi irun aboyún sílẹ̀ fún ayé,” ló máa ń wí. Ìyá tèmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wa, torí náà mi ò rí ohun tuntun níbẹ̀.

Sátidé ìmọ́tótó ni ọjọ́ náà bọ́ sí. O rántí pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde nígbà náà títí di aago mẹ́wàá, nítorí náà gbogbo ayálégbé ló wà nílé, wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń kó gọ́tà. Mo ń gbé korobá omi kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo rí Ìnsípẹ́kítọ̀ tó lóṣòó sórí àpò ìnusẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà akọ̀wé, tó ti na ọrùn. Mo mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Mo ní kí n da omi yìí sí gọ́tà ná, kí n tó wá nu ibẹ̀. Kò lè ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Mi ò tíì sọ korobá kalẹ̀ tí igbe fi ta.

Ìyàwó akọ̀wé ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú. Nǹkan tó wà lórí àpò náà gùn tó ìka, ó dúdú, ó lọ́ pọ̀, epo pupa sì ń dán lára rẹ̀. Ègé òwú dúdú tí mo fi ń kó irun mi náà wà nínú rẹ̀, torí Ìnsípẹ́kítọ̀ ò mọ ohun tí à ń jẹ yàtọ̀ sí ohun tí à ń fi ṣeré. Èmi tí mo mọ ibi tó ti wá gan-an, ara mi bù máṣọ, ká má tilẹ̀ sọ ti obìnrin tó ti sin oyún méjì. “Irun!” ló ń ké. “Irun pẹ̀lú epo! Irun mi rèé o!”

Gbogbo ilé pé jọ, Ìnsípẹ́kítọ̀ sì ti yọ́ padà sínú yàrá mi. Obìnrin tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà níwájú ilé ní, “Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Wọ́n dì í ni.” Ó wá yíjú sí mi. “Àǹtí tíṣà, ṣé kì í ṣe ológbò yín ló gbé nǹkan yìí wá báyìí?” Kò béèrè bí ẹni tó ń ro èébì. Ó béèrè bí ẹni tó mọ irú àwọn tó ń rán ológbò níṣẹ́. Ojú gbogbo wọn yí sọ́dọ̀ mi, mo sì rí obìnrin inú ọkọ̀ yẹn nínú gbogbo wọn. Mi ò lọ́kọ, mi ò ní ẹbí kankan nítòsí, mo sì ń sin ológbò dúdú. Mo la ẹnu kí n sọ òótọ́. Ohun tó jáde ni, “Rárá o. Inú yàrá ni mo tì í mọ́ láti àná.”

Wọ́n gbójú kúrò lára mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ti dé ilé kì í dúró lásán, ó gbọ́dọ̀ rẹ́ni dì mọ́. Ìyàwó náà ò tilẹ̀ pariwo mọ́ nígbà tó sọ ọ́: “Màmá, ta ló máa ń ṣa irun mi?” Màmá dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó wo nǹkan tó wà nílẹ̀, ó wò mí, ó tún wo nǹkan náà. Akọ̀wé da kẹrosíìnì sí i, ó ṣáná sí i, òórùn irun tó ń jó sì gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Lọ́sàn-án, àwọn ará ìjọ ìyàwó náà wá gbàdúrà. Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ lé ọ̀tá inú ilé lórí, màmá wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ abọ́ tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Nírọ̀lẹ́, a gbọ́ ohùn ìyàwó náà láti inú yàrá wọn pé bí màmá ò bá lọ, ilé òbí òun lòun á ti lọ bímọ.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo ní láti sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé ẹnu ọ̀nà wọn. Lẹ́ẹ̀kíní, mo ní mo wá tọrọ ìṣáná. Lẹ́ẹ̀kejì, ilẹ̀kùn ṣí kí n tó kàn án, mo bá ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mo kọjá lọ sẹ́yìnkùlé bí ẹni pé ibẹ̀ ni mo ń lọ. Mo ń tan ara mi pé ọ̀rọ̀ náà á rọlẹ̀, pé kò sí ọmọ tó máa lé ìyá rẹ̀ nítorí irun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, màmá kan ilẹ̀kùn mi. Ó ti wọṣọ ìrìn-àjò, apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́, kàn-ìn-kàn-ìn tuntun náà sì yọrí lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun wá dágbére. Ó gbé orí ẹja mẹ́ta tó wé sínú ìwé ìròyìn fún mi, pé ti Ìnsípẹ́kítọ̀ ni. Mo kúnlẹ̀, mi ò lè wo ojú rẹ̀. Ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Epo tí ò ń fún ológbò yẹn, ọmọ mi, dín in kù. Ó ti pọ̀ jù.”

Ó ti mọ̀. Láti ìgbà tó ti wò mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti mọ̀, kò sì sọ fún ẹnì kankan. “Màmá, ẹ jẹ́ kí n lọ ṣàlàyé fún wọn,” ni mo wí. Ó mi orí. “Ìwọ ni wọ́n máa yí i lé lórí. Èmi ti bímọ, mo ti tọ́ ọ. Ìwọ ò tíì bẹ̀rẹ̀.” Ó dúró díẹ̀ síbẹ̀, bóyá ó ń retí pé kí n jiyàn. Mi ò jiyàn. Akọ̀wé gba apẹ̀rẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sìn ín lọ sí gáréèjì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyàwó rẹ̀ bí ọmọbìnrin kan, wẹ́rẹ́. “Ẹ ò rí nǹkan?” ni obìnrin oníṣúgà wí lẹ́bàá kànga. “Màmá lọ, ọmọ dé!” Wọ́n ní ògo ni fún Ọlọ́run, èmi náà sì bá wọn wí i. Ìyá ọmọ náà ò rí ẹni bá a wẹ ọmọ kí ìyá tirẹ̀ tó dé, ó ní, “Àǹtí tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.” Bó ṣe jẹ́ pé èmi ni mo wẹ ọmọ náà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Mo dín epo kù. Mò ń ya irun Ìnsípẹ́kítọ̀ láràárọ̀, ó ń jẹun, ó ń yàgbẹ́, ara rẹ̀ ń dán. Ọ̀rọ̀ ológbò ti yanjú, ti èèyàn ló kù. Ọmọ náà ti ń rá kí n tó lè ṣọkàn akin. Lọ́jọ́ kan tí ológbò náà tún bi irun, mo wé e sínú ìwé, mo gbé e lọ bá akọ̀wé àti ìyàwó rẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: ọ̀rọ̀ dókítà ẹran, epo, òwú, irọ́ tí mo pa. Ìyàwó náà gbé ọmọ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé nǹkan yẹn kúrò níwájú ọmọ mi,” ló wí. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ rọ̀. “Àánú màmá ló ń ṣe yín, mo mọ̀. Ẹ fẹ́ gbé e rù ara yín kí àwa lè parí ìjà. Ọkàn yín dáa, àǹtí tíṣà. Ọlọ́run á san án fún yín.”

Mo wo ọkọ rẹ̀. Ó ti gbà mí gbọ́, mo rí i lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ fi òótọ́ náà ṣe? Bó bá gbà á, á jẹ́ pé ó lé ìyá tó bí i lọ nítorí èébì ológbò. Ó tẹ orí ba, ó ń tún ìdè bàtà rẹ̀ so. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Mo ti fi òwe yẹn kọ́ ọmọ tí mi ò lè kà. Òótọ́ tèmi bá irọ́ lóòótọ́, ó sì kan ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú ilé ò fẹ́ àlejò mọ́. Títí mo fi kó kúrò ní Ìgándò, onínúure ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, kò sì sí èébú tó lè dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́pọ̀ ìgbà, torí òun rọrùn láti bá, kò sí ojú tí mo fẹ́ wò. Màmá ni mi ò lọ bá. Mo mọ orúkọ ìlú rẹ̀, mo mọ gáréèjì tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ibẹ̀, àwọn ọdún tó ṣì fi wà láyé ò sì kéré. Gbogbo ìsinmi iléèwé ni mo máa ń sọ pé èyí tó ń bọ̀ ni màá lọ. Kì í ṣe pé mo ń bẹ̀rù pé ó máa lé mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ó máa gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, á bu oúnjẹ fún mi, kò sì ní í bi mí pé kí ló mú mi pẹ́.