Páàdì Tó Le Jù

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá obìnrin tí kì í kánjú lórí títì, Ìyá Jẹ́jẹ́ ni kí ó wá lọ. Àwọn ọmọ iléèwé tó máa ń gbé láràárọ̀ ló fún un lórúkọ yẹn. Bí ọkọ̀ mìíràn bá fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí iná ń lé, ohun kan náà ló máa ń sọ: “Ẹ jẹ́ kó lọ. Jẹ́jẹ́ làwa ń lọ.” Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, òun sì ń fi ọkọ̀ ilé gbé ọmọ tirẹ̀ àti ọmọ àwọn aládùúgbò lọ sí iléèwé. Àwọn òbí fọkàn tán an. Ọjọ́ tí wọn ò bá fọkàn tán an mọ́, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

Orí òkè ni ilé rẹ̀ wà. Bí ó bá ti jáde ní géètì, ọ̀nà náà á da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ títí yóò fi já sí títì ńlá, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń kọjá láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Nítorí náà, nígbà tí bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í han bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo, kò dúró kí ẹnikẹ́ni tó gbà á nímọ̀ràn. Ó gbé ọkọ̀ lọ bá àbúrò ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ mẹkáníìkì.

Adúmáadán ló máa ń pe ọkùnrin yìí, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Ọkùnrin náà kéré sí i lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ilé ló bá a, “ẹ” ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Adúmáadán tú táyà iwájú, ó fa páàdì bíréèkì tó ń fún àwo irin táyà mọ́ jáde, ó sì gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ó ti jẹ tán, ó ku fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èékánná.

“Ìyàwó, o ṣeun tó o tètè wá. Lọ ra tuntun lọ́dọ̀ onísípéà ìkóríta yẹn. Ó mọ irú ọkọ̀ yìí dáadáa.”

Ṣọ́ọ̀bù onísípéà náà kún dé àjà, páálí lórí páálí, gbogbo rẹ̀ tò gbọnrangandan. Bàbá àgbàlagbà kan ló jókòó sídìí rẹ̀.

“Irú páàdì wo lo fẹ́, ọmọ mi?”

“Èyí tó le jù, bàbá.”

“Tó le jù?” Bàbá yọ awò ojú rẹ̀. “Ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú. Ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń gbé.”

“Àwọn kan wà tó rọ̀ díẹ̀—”

“Háà, ẹ má fún mi ní èyí tó rọ̀ o! Ṣé bíréèkì tó rọ̀ ni màá fi gbé ọmọ?”

Bàbá sọ èjìká, ó gun àkàbà, ó sì mú páálí pupa kan sọ̀kalẹ̀ láti òkè pátápátá.

Kí oòrùn tó wọ̀, Adúmáadán ti dè é tán. Ó wa ọkọ̀ náà yí àdúgbò ká, ó padà dé pẹ̀lú ẹ̀rín. “Àfi kó o rọra o. Bó o bá fẹsẹ̀ kàn án báyìí, ó ti dúró.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ wọ ọkọ̀, wọ́n ń bára wọn jà lórí ẹni tó máa jókòó sídìí fèrèsé. Ìyá Jẹ́jẹ́ jáde ní géètì. Ó tẹ bíréèkì bí ó ti máa ń tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ kò dá a lóhùn. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Bíréèkì náà le gbagidi lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò rì, síbẹ̀ ńṣe ni ọkọ̀ ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tì í, ó fẹ̀yìn ti àga. Títì ńlá ń sún mọ́ ọn, akẹ́rù kan sì ń bọ̀ láti ọwọ́ òsì. Ọkọ̀ dúró níkẹyìn, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ti wọ títì. Akẹ́rù náà fọn fèrè, ó yà fún un, atẹ́gùn rẹ̀ sì mi gbogbo wọn jìgìjìgì.

“Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, Ìyá Jẹ́jẹ́!” ọmọ kan kígbe láti ẹ̀yìn.

Ó fa ọkọ̀ sẹ́yìn kúrò lójú títì, ó sì rọra wà á lọ. Ohun tó wá yà á lẹ́nu ni pé, kí wọ́n tó dé iléèwé, bíréèkì náà ti ń mú dáadáa. Ó wa ọkọ̀ lọ bá Adúmáadán tààrà. Adúmáadán wà á, ó sáré, ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀.

“Ìyàwó, ẹ̀rù ló ń bà ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ ò tíì mọ páàdì tuntun ni.”

“Adúmáadán, ẹsẹ̀ méjèèjì ni mo fi tẹ̀ ẹ́.”

“Ẹsẹ̀ méjèèjì! Ṣé ọkọ̀ lò ń wà ni, àbí o fẹ́ fo odò?”

Gbogbo gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, nítorí ìyàwó ilé kì í bá ọmọ ọkọ jiyàn níta. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà korò lẹ́nu rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ti tò sí géètì. Ìyá Jẹ́jẹ́ di kọ́kọ́rọ́ mú, kò sì ṣílẹ̀kùn.

“Mo ti ń pẹ́ o!” bàbá ọ̀kan nínú wọn ké sí i. “Jẹ́jẹ́ yìí ti fẹ́ di a-ò-lọ-mọ́.”

“Ẹ má bínú, mi ò ní gbé wọn lónìí. Mi ò fọkàn tán bíréèkì.”

“Ṣebí ìjẹta lẹ pààrọ̀ ẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ìyá ọmọ kan fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń kùn pé bí ọ̀la bá tún rí báyìí, òun á wá ọlọ́kọ̀ mìíràn. Ìyá Jẹ́jẹ́ mọ ẹni tí obìnrin náà ní lọ́kàn: ọkùnrin kan tó máa ń fi ọwọ́ kan wa ọkọ̀, tí á fi ìkejì di fóònù mú.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó pe Adúmáadán. “Ẹ wá nísinsìnyí, kí n tó tan ọkọ̀ yìí rárá. Ẹ̀yin lẹ máa wà á.”

Adúmáadán kùn títí ó fi dé. “Lẹ́yìn èyí, ìyàwó, o máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi.” Ó jókòó sídìí ọkọ̀, obìnrin náà jókòó tì í. Wọ́n jáde ní géètì. Ìyá Jẹ́jẹ́ kò wo ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ló ń wò.

Ẹsẹ̀ náà tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ dìde.

“Kò mú! Ìyàwó, kò mú!”

“Bẹ́ẹ̀ ni mo wí.”

Ó fa bíréèkì ọwọ́, ó já jíà sílẹ̀, ó sì darí ọkọ̀ wọnú òkìtì yanrìn kan tó wà níwájú ilé tí wọ́n ń kọ́. Ọkọ̀ rì sínú rẹ̀, ó dúró. Adúmáadán bọ́ sílẹ̀, ó na ọwọ́ sídìí táyà.

“Ó tutù,” ó ní. “Lánàá, ó ti gbóná kó o tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi.” Ó wò ó lójú. “Irú páàdì wo lo ní kí bàbá yẹn fún ọ?”

“Èyí tó le jù. Ẹ ò rí i ni?”

“Mi ò wo páálí. Bó ṣe bá àyè rẹ̀ mu nìkan ni mo wò.” Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé ìkóríta.

“Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ pa ìyàwó wa ni?”

“Èmi? Mo bi í léèrè títí. Tó le jù ló ní.”

“Kó le di ọkọ̀ mú ni mo wí!” Ìyá Jẹ́jẹ́ fi ọwọ́ gbá káńtà.

“Ìyẹn kì í ṣe tó le, ọmọ mi. Ìyẹn ni tó ń mú. Èyí tí mo fún ọ, ara rẹ̀ gan-an ló le. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje ló ń lò ó. Àfi kó gbóná bí ààrò kó tó mú. Mo rò pé ó ní ibi tó o fẹ́ sáré lọ.”

Adúmáadán ya ẹnu láti rẹ́rìn-ín. Ó rí ojú ìyàwó wọn, ó pa á dé.

Ìyá Jẹ́jẹ́ mí kanlẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, bàbá. Orí òkè ni mò ń gbé. Láàárọ̀, tí gbogbo nǹkan tutù, ni mo nílò rẹ̀ jù. Ọkọ̀ máa ń kún fọ́mọ. N kì í sáré. Èwo ló máa mú?”

“Ó dáa. Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká ti sọ níjẹta rèé.” Bàbá gbé páálí méjì sílẹ̀. Èyí tó wà lápá kan, wọ́n po ìyẹ̀fun irin mọ́ ọn: ó ń fara da ẹrù àti ooru, ṣùgbọ́n ó máa ń pariwo, ó sì máa ń jẹ àwo irin tí ó ń fún mọ́. Èkejì, èròjà tó dà bí amọ̀ tí wọ́n sun ni wọ́n fi ṣe é: kì í ké, eruku rẹ̀ kò pọ̀, láti àkọ́tẹ̀ ló sì ti ń mú. “Bó bá jẹ́ òkè tí èèyàn ń fi odidi wákàtí sọ̀, mi ò ní fún ọ ní èyí. Ṣùgbọ́n òkè tìrẹ yẹn kò gùn, ó kàn ga ni.”

Adúmáadán gba páálí èkejì náà. Ó ka iwájú rẹ̀, ó yí i, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀.

Wọ́n fa ọkọ̀ jáde nínú yanrìn. Ó de páàdì náà fúnra rẹ̀, ó nu àwo irin náà mọ́ tónítóní, ó sì gbé ọkọ̀ lọ sí ọ̀nà tó tẹ́jú. Ibẹ̀ ló ti ń tẹ̀ ẹ́, tó ń tú u sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí páàdì àti àwo lè mọwọ́ ara wọn.

Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, àwọn ọmọ àti òbí wọn wà ní géètì. “Ẹ dúró síbẹ̀,” Ìyá Jẹ́jẹ́ wí. Bí ó ti fẹ́ gbéra, Adúmáadán ṣílẹ̀kùn kejì, ó wọlé tì í láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ọkọ̀ yí sísàlẹ̀. Títì ńlá ń bọ̀. Ìyá Jẹ́jẹ́ fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ tẹ orí ba díẹ̀, ó sì dúró, ó jìnnà sẹ́yìn ìlà funfun.

“Ó mú,” Adúmáadán wí. “Ó yá, padà lọ kó wọn.”

“Rárá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tíì dán an wò nígbà tó tutù. Ọ̀la, màá tún un wò.” Ó yọ orí síta, ó ké sókè: “Ẹ bá mi fẹsẹ̀ mú wọn sọ̀kalẹ̀! Ìsàlẹ̀ ńbí ni màá ti gbé wọn!”

Bàbá tó ń pẹ́ kùn díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, àwọn yòókù ń tẹ̀ lé e.