Anikwe Tí Kì Í So Ẹ̀ka Mọ́ Kẹ̀kẹ́

Bí ẹ bá béèrè ní Amaokpu pé ta ló lágbára jù lórí òkè yìí, ẹni tí ẹ bi á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá Anikwe wà nítòsí, torí bó bá wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dáhùn. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ọwọ́ agbẹ̀bí ló kọ́kọ́ gbá mú, agbẹ̀bí ló sì ké. Ìyẹn ò ṣojú mi. Èyí tí mo mọ̀ ni pé ní ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira, nígbà tí epo àwọn obìnrin wa ń ti orí òkè lọ sí ọjà Nkwọ lórí kẹ̀kẹ́, ọkùnrin méjìdínlógún ló ń kó o, Anikwe sì ni olórí wọn. Agogo idẹ kékeré kan tó so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni àmì oyè náà. Ọdún mọ́kànlá ló fi lù ú. Bó bá ti dún lójú ọ̀nà, àgbà á yà, ewúrẹ́ á yà, àní ọlọ́pàá pàápàá á yà.

Òkè wa ga bí ògiri. Kẹ̀kẹ́ tó ru garawa epo mẹ́rin kì í ka bíréèkì sí. Nítorí náà, kí oníkẹ̀kẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀, á gé ẹ̀ka igi tó léwé dáadáa, á so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ẹ̀ka náà á máa wọ́ nílẹ̀, á sì máa fa kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn. Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àfi Anikwe. Ìrù ló ń pe ẹ̀ka. "Ọkùnrin tó bá nírù," á ní, "kó bá ewúrẹ́ lọ jẹko." Garawa mẹ́fà lòun ń rù, gìgísẹ̀ rẹ̀ ló sì fi ń tẹ táyà ẹ̀yìn títí yóò fi dé ìsàlẹ̀. Èéfín á máa rú, òórùn gìgísẹ̀ náà á dà bí ti ẹran sísun, débi pé gbogbo ajá ìsàlẹ̀ òkè a máa fi ìrètí tẹ̀ lé e wọ ọjà.

Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ má wulẹ̀ wo igbe rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, gbogbo ọkùnrin abúlé ń gbé òpó ilé ńlá kan. Ugwoke, bàbá rẹ̀, ti gbé e láti àárọ̀. Lọ́sàn-án, ó jókòó, ó nu ojú, ó ní, "Ó rẹ̀ mí." Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ọmọbìnrin tó ń pọnmi ti fi í kọrin. Orin náà dùn, ibẹ̀ ni wàhálà wà, torí orin tí ò dùn kì í pẹ́ láyé. Wọ́n kọ ọ́ nígbà ìkórè, wọ́n kọ ọ́ nígbà ìgbéyàwó, ọ̀mùtí kan sì dá a níbi òkú bàbá náà, àwọn ọlọ́fọ̀ kan bá a gbè é. Láti ìgbà náà, Anikwe kì í sọ pé ó rẹ òun, kì í sọ pé ohun kan wúwo, kì í tilẹ̀ yán ní gbangba.

Ní ọdún méjì ṣáájú ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan da garawa kan nù. Anikwe bínú, ó ṣòfin: ẹni tó bá da epo àwọn obìnrin nù yóò kúrò nínú ẹgbẹ́, bó bá sì jẹ́ olórí ni, yóò fi agogo sílẹ̀. Edeoga, ọkùnrin tínínrín kan nínú ẹgbẹ́ náà tó máa ń rẹ́rìn-ín ju bó ṣe ń jẹun lọ, ní kí wọ́n fi díẹ̀ kún un: "Àfi bó bá sọ pé ẹrù náà borí òun. Tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ká dárí jì í, ká sì jọ san án."

"Ẹ fi kún un," Anikwe ní, "torí àwọn tó nírù."

Bó ṣe di ọdún tí mò ń wí, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún sì ti wú tó àgbọn. Ẹ̀yìn ilé ló máa ń lọ fi omi gbígbóná jó o. Nwanyieke ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé omi náà wá, òun ló sì ń bá a jó o. Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà kan, obìnrin náà bi í pé:

"Baba Obeta, ṣé ẹ ò ní so ẹ̀ka lọ́la? Òjò ń bọ̀."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí orúnkún."

"Orúnkún ta ni?"

"Èyí tí mò ń jó yìí."

"Kò dùn mí. Mo kàn fẹ́ràn omi gbígbóná ni."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n jó èkejì náà, kó má baà jowú."

Òjò rọ̀ lóòótọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Nkwọ, ọjọ́ ọjà, ilẹ̀ pupa òkè náà ń yọ̀ bí ilá. Màmá Egodi, àgbà àwọn elépo, ti to garawa sílẹ̀. Edeoga bá Anikwe níbẹ̀, ó mú ẹ̀ka kan lọ́wọ́, ó rọra sọ̀rọ̀ kí àwọn yòókù má baà gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti gé tiyín. Kò ní hàn. Ẹ ó gbẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó máa rí i."

Bó bá jẹ́ pé ó ti pariwo ni, bóyá Anikwe ì bá rẹ́rìn-ín. Àánú tó wà nínú ohùn náà ló bà á jẹ́. Ó gba ẹ̀ka, ó gbé e fún ewúrẹ́ kan tó dúró níbẹ̀, ewúrẹ́ dúpẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

"Màmá, ẹ bá mi fi méjì kún un," ni Anikwe wí.

"Mẹ́jọ? Anikwe, kí ni epo mi ṣe ọ́?"

"Ẹ fi kún un."

"Ṣé o mọ̀ pé gbogbo epo tí ilé mi fún láti oṣù tó kọjá nìyẹn?"

"Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ èmi ni kí n gbé e."

Wọ́n fi kún un. Kẹ̀kẹ́ náà kérora. Ó gùn ún, ó lu agogo, ó sì forí lé ìsàlẹ̀.

Dé ìdajì òkè, ohun gbogbo dára. Lẹ́yìn náà ló fi gìgísẹ̀ tẹ táyà, orúnkún sì kọ̀ fún un. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn yá débi pé òjìji rẹ̀ sọ nù lọ́nà, ó dé ìsàlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó kọjá lára Edeoga bí òkò tí wọ́n jù. Edeoga kígbe pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bẹ́ sílẹ̀!" Anikwe dáhùn látòkèèrè pé, "Mò ń yára ni!" Ó gba àárín àwọn àgbà kan tó ń bá àna wọn sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi. Wọ́n ní ó kí wọn, ó sì kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó gba iwájú ìyá ọlọ́kpa, ọ̀kpa mẹ́ta, oúnjẹ wa tó dà bí mọ́ínmọ́ín, bá a lọ. Ó já sínú odò kékeré tí wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí, garawa mẹ́jọ sì fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò sẹ́ni tó kú. Adìyẹ kan nìkan ló ṣèṣe. Odò náà pọ́n, àwọn ajá gbà pé àdúrà wọn ti gbà. Anikwe dìde láàárín wọn, ó pọ́n látorí dẹ́sẹ̀ bí ìyàwó tí wọ́n fi osùn kùn.

Àwọn oníkẹ̀kẹ́ péjọ síbẹ̀. Nwanyieke náà ti sáré dé. Òfin wà nílẹ̀, gbogbo ojú wà lára agogo. Edeoga ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ọ́ ká máa lọ jẹun. Ẹ ṣáà sọ pé ẹrù náà borí yín."

Anikwe ń nu epo lójú.

Màmá Egodi sọ̀ kalẹ̀ dé etí odò. "Anikwe, epo mi ni. Mo ti fi jì ọ́. Kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ báyìí, kí àwọn ọmọ wọ̀nyí má fi òfin rẹ mú ọ."

"Màmá, garawa mẹ́jọ kò wúwo. Kẹ̀kẹ́ ló kéré."

"Ó dáa," Edeoga ní, "ẹ sọ pé ilẹ̀ yọ̀. A ó gba ìyẹn náà."

"Kò yọ̀ fún mi."

"Orúnkún ńkọ́?" Ẹnìkan ló sọ ọ́ látẹ̀yìn.

Anikwe wo ìyàwó rẹ̀. Nwanyieke wolẹ̀. Ẹnu Anikwe ṣí, gbogbo wa sì na ọrùn síwájú láti gbọ́. Àmọ́ àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta dúró lókè odò pẹ̀lú ìkòkò omi lórí. Ó rí wọn, ó pa ẹnu dé. Ó tú agogo náà, ó fi lé Edeoga lọ́wọ́, ó sì kọjú sí òkè.

Ó rìn ṣánṣán bí ẹni tó gbé ọmọ odó mì. Kò tiro rárá. Edeoga sì lu agogo lẹ́ẹ̀kan, ó tijú, ó fi í sápò. Lẹ́yìn náà ló mú kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, òun àti Nwanyieke sì tẹ̀ lé e gòkè, torí kò sẹ́ni tó lè fi orúnkún bẹ́ẹ̀ dé orí òkè.

Ní ìyànà kejì, Nwanyieke fa Edeoga lápá. Níwájú wọn, Anikwe ti yà sẹ́yìn òkúta kan, ó jókòó sílẹ̀, ó sì na ẹsẹ̀ ọ̀tún gbọọrọ. Èjìká rẹ̀ méjèèjì ń gbọ̀n.

"Jẹ́ kí n fi kẹ̀kẹ́ gbé e," ni Edeoga sọ. "Màá sọ pé ọ̀nà ibẹ̀ ni mò ń lọ."

"Rárá," Nwanyieke ní, ó sì fà á sábẹ́ igi. "Ká dúró síbí. Bó bá rí wa, á dìde."