Ẹni Tó Bá Wà Láàyè Kó Dáhùn

Rasmini ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yàrá kẹta tí wọ́n fi ń gba àlejò, ó sì ń kọrin. Orin náà kò dùn rárá, nítorí ohùn Rasmini kò dára, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa bá a wí lọ́jọ́ náà? Àlejò ń bọ̀! Ó di oṣù kẹrin tí Òkè Agung, òkè ayọnáyèéfín erékùṣù wa, ti ń rú èéfín, láti ìgbà náà, kò sí òyìnbó kan tó gbé orí lé ìrọ̀rí nílé wọn. Síbẹ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Rasmini ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, á sá a, á tún tẹ́ ẹ padà, aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò sùn lé. Dadong Runtig, ìyá ọkọ rẹ̀ (Dadong ni à ń pe ìyá àgbà níbí), ní ojú òun ti rí ohun púpọ̀ láyé, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí ẹni tó ń fọ aṣọ tó mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bí mi nínú. Láti Tegal Wangi tiwa dé ẹsẹ̀ òkè yẹn, ènìyàn á gun ọ̀kadà fún wákàtí méjì gbáko. Eérú rẹ̀ kò kan ìrẹsì wa. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n àwọn òyìnbó kun àwòrán erékùṣù wa ní pupa láti orí dé ìdí, bí ẹni pé gbogbo wa ti jóná tán, tó wá jẹ́ pé òkú wa ló ń ta kọfí. Ìjọba òkèèrè kan ní kí àwọn ará ìlú rẹ̀ má wá síbí mọ́, òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀kẹta kò sì fẹ́ kẹ́yìn. Ẹ̀rù kì í kúkú béèrè bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Bí wọ́n ṣe kó ẹrù wọn nìyẹn, tí a kò rí wọn mọ́.

Suardika, ọkọ Rasmini, ló máa ń fi mọ́tò gbé àwọn àlejò kiri. Nígbà tí kò rí ẹni gbé mọ́, ó lọ gba fọ́ọ̀mù iṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá, irú èyí tó ń gbé àwọn olówó ṣeré káàkiri òkun. Oṣù mẹ́sàn-án lọ́dún ni yóò máa fọ abọ́ lórí omi. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ní kó wá tọwọ́ bọ̀wé.

Ó ti bi ìyàwó rẹ̀ léèrè títí. "Ìyá Sasih, ṣé kí n lọ?"

"Ẹ máa lọ, Bàbá Sasih," ni Rasmini máa ń wí, á sì rẹ́rìn-ín. "Kí ló kàn mí níbẹ̀? Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń wá àyè na ẹsẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì."

Irọ́ ni. Bó bá ti rò ó pé ọkọ òun ò ní sí nílé, àyà rẹ̀ á já, á sì yára wá nǹkan fọ̀.

Àlejò tó ń bọ̀ yìí ló kù tó lè yí ọ̀rọ̀ náà padà. Hanneke ni orúkọ rẹ̀, ará Holland ni, òun ló sì máa ń kó àwọn àgbàlagbà ìlú rẹ̀ wá rìn nínú oko ìrẹsì wa, méjìlá méjìlá, kí èéfín tó dé. Ó fẹ́ wá fojú ara rẹ̀ wo ibi gbogbo. Bó bá gbà láti tún máa kó wọn wá, Suardika kò ní lọ sórí omi. Bó bá kọ̀, ó di ọjọ́ Ẹtì.

Sudarma, olórí àdúgbò wa, pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ obìnrin kan ṣoṣo yìí. "Ẹ gbọ́ o! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ òkè. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó ń mì. Ẹ̀rín ni kí ẹ máa rín. Bí ilẹ̀ bá tilẹ̀ mì níṣojú rẹ̀, ẹ dákẹ́!"

"Ká ṣe kí ni?" ni Dadong Runtig kígbe láti ẹ̀yìn. "Ká dákẹ́?"

Ó sì ní ìdí. Láyé àwọn baba wa, bí ilẹ̀ bá mì, igbe la máa ń ké: "Idup! Idup!" Ìyẹn ni pé a wà láàyè. Ẹni tó gbé ayé rù nísàlẹ̀ ló ń yí ejìká padà, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ènìyàn ṣì wà lókè. Ẹni tí kò bá dáhùn, á kà á mọ́ òkú.

"Sudarma, bí mo bá dákẹ́ tó bá rò pé mi ò sí mọ́ ńkọ́?"

"Dadong, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ sínú."

"Sínú? Ṣé inú mi ló ń mì ni?"

Ìpàdé tú pẹ̀lú ẹ̀rín, ṣùgbọ́n òfin dúró.

Hanneke dé lọ́sàn-án, ó ga bí igi àgbọn, ó mú ìwé kékeré kan lọ́wọ́. Ó gbọ́ èdè wa dáadáa. Kò tíì mu kọfí rẹ̀ tán tó ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

"Ìyá Sasih, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ibo lẹ máa ń sá jọ sí?"

"Nǹkan kan kì í ṣẹlẹ̀ níbí," ni Rasmini wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ilẹ̀ kì í mì?"

"Ilẹ̀ wo? Ilẹ̀ wa jókòó jẹ́ẹ́ ni."

"Òkè yẹn ńkọ́?"

"Òkè wo, mà?"

Áà! Òkè náà rèé lẹ́yìn orí Rasmini gan-an, ó ga ju òrùlé lọ, ó ń fa èéfín bí àgbàlagbà tó ń fa tábà. Hanneke wo òkè, ó wo Rasmini. Sudarma tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn dá sí i kíá: "Ìkùukùu nìyẹn." Hanneke kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Gbogbo ibi tó yà sí ní àdúgbò lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín náà ni wọ́n rín fún un, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dun àwọn ènìyàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Rasmini gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín síwájú rẹ̀. Hanneke jẹ ẹyọ kan, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ìyá Sasih, oúnjẹ yín dùn. Ṣùgbọ́n mi ò lè kó wọn wá."

"Nítorí òkè?"

"Rárá o. Nítorí yín. Gbogbo ohun tí mo bi yín, ẹ̀rín lẹ fi dá mi lóhùn. Ìyá àti bàbá àwọn ẹlòmíràn ni mò ń kó kiri. Ẹni tó ní òun kò bẹ̀rù nǹkan kan, mi ò lè fi wọ́n sí i lọ́wọ́."

Rasmini tún bu ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú àwo Hanneke. Ọjọ́ Ẹtì nìkan ló ń rí lójú.

Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti mì.

Àwo ń jó lórí tábìlì, ṣíbí bọ́ sílẹ̀. Ẹ ò bá sì rí wa! Odidi àdúgbò dúró gbagidi, a fọwọ́ bo ẹnu. Lórí ògiri ilé kejì, ọkùnrin kan ń rẹ́rìn-ín sí Hanneke bí òfin ṣe wí, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ilẹ̀ ń mì, a dákẹ́. Ó tún mì, a tún dákẹ́.

Ni Dadong Runtig bá yọ láti ilé ìdáná, ọmọrí ìkòkò lọ́wọ́ kan, ọmọ odó lọ́wọ́ kejì. "Ẹ̀yin ni ẹ máa dákẹ́! Idup! Idup! Èmi Runtig rèé o! Mi ò tíì kú!"

Ó tán! Igbe bú jáde láti ilé dé ilé: "Idup! Idup! Idup!" Wọ́n ń lu ìkòkò, wọ́n ń lu páànù, ajá ń gbó. Sudarma tó ṣòfin ni ohùn rẹ̀ ròkè jù. Rasmini kò mọ ìgbà tó fa Hanneke lápá, tó wọ́ ọ dé àárín àgbàlá níbi tí òrùlé kò lè wó lù wọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ dúró, Sudarma gun orí ògiri, ó ń pe ilé kọ̀ọ̀kan.

"Ilé Rentet?"

"A pé o!"

"Ilé Lungsur?"

"A pé, àfi adìyẹ!"

Ó pè é dé orí ilé wọn. "Ilé Runtig? Ta ló kù?"

Rasmini wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ìyá ọkọ rẹ̀ rèé, Sasih ọmọ rẹ̀ rèé. "Bàbá Sasih! Bàbá Sasih o!" Kò sí ìdáhùn. Ó kígbe orúkọ ọkọ rẹ̀ gan-an, ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ: "Suardika!"

Ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ ṣí gbàù. Suardika jáde, ó ro táwẹ̀lì mọ́dìí, ọṣẹ bo orí àti ojú rẹ̀, ó na ọwọ́ síwájú bí afọ́jú. "Mo wà láàyè! Ọṣẹ ló wọ̀ mí lẹ́nu!"

Ẹ̀rín! Ẹ̀rín pa wá dé ibi tí àwọn kan fi jókòó sílẹ̀. Rasmini ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, kò mọ èyí tó ń ṣe. Hanneke náà ń rẹ́rìn-ín.

"Ilé mélòó lẹ pè yẹn?" ni ó bi Sudarma.

"Ogójì."

Hanneke wo aago rẹ̀. "Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ní ọ́fíìsì wa, a ṣe ìdánrawò bí a ó ṣe sá jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ló gbà wá, a sì tún gbàgbé akọ̀wé kan sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀." Ó kọjú sí Rasmini. "Ìyá Sasih, ẹ̀ẹ̀melòó ló máa ń mì?"

Rasmini wo Sudarma. Sudarma wo ilẹ̀.

"Nígbà míì, ẹ̀ẹ̀mẹta lóṣù," ni Rasmini wí.

"Ṣé ẹ̀rù máa ń bà yín?"

"Ó máa ń bà mí gan-an, mà."

Hanneke mú ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ fún ìgbà pípẹ́. "Mẹ́fà ni n óò kọ́kọ́ kó wá, ní oṣù méjì sí i. Mo máa sọ ti òkè fún wọn, àti ti ilẹ̀ tó ń mì. Ẹni tó bá gbọ́ tó ṣì fẹ́ wá, ẹ óò kọ́ ọ ní igbe yẹn."

"Èmi ni n óò kọ́ wọn," ni Dadong Runtig wí. Kò sẹ́ni tó bá a du ipò náà.

Nígbà tí àwọn ènìyàn túká, Suardika dúró lẹ́bàá àtẹ̀gùn pẹ̀lú táwẹ̀lì rẹ̀. "Mẹ́fà kì í ṣe méjìlá," ni ó wí jẹ́jẹ́. "A ò sì mọ̀ bóyá àwọn mìíràn á tẹ̀lé wọn. Ìyá Sasih, ṣé kí n lọ lọ́jọ́ Ẹtì?"

Rasmini la ẹnu láti rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀rín náà kò wá.

"Ẹ má lọ," ni ó wí. "Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ."

Suardika nu ọṣẹ kúrò lójú. "Kí ló dé tó ò ti sọ ọ́ látijọ́?" Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn náà, ọṣẹ ti ń gbẹ sí i létí, kò sì tún bi í mọ́ bóyá kí òun lọ.