Òjìji Ọmọ Odó Méjì

Àgbàlá ilé wa ní Ìlódè máa ń rùn fún kòkó tútù tí wọ́n sá sórí ẹní, òórùn kíkan tó máa ń wọ aṣọ wọ irun. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Níbẹ̀ ni mo ti bínú jù láyé mi, ọ̀rẹ́, níbẹ̀ náà ni mo ti yọ̀ jù, ọjọ́ kan náà sì ni!

Àwọn ọdún 1990 la wà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí JSS3, bàbá mi sì ti gbà kí n wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Àfi bí ayálégbé wa kan, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ṣe gbé ìwé ìròyìn àtijọ́ kan jáde, tó fi fọ́tò àwọn tó lọ sí òṣùpá han bàbá mi.

"Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òjìji, ẹ wò ó. Ti àpáta yìí kọjú síbí, ti ọkùnrin yìí kọjú sọ́hùn-ún. Iná méjì ni wọ́n tàn sí wọn nínú yàrá kan. Irọ́ gbáà ni!"

Ó mọ ohun tó ń ṣe. Bàbá mi ní igi kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níwájú ilé, òjìji ẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ bí ìrun Aláásárì bá ti tó. Wọn ò fọkàn tán aago rí. Igi kan ṣoṣo, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó wá dá wọn lójú pé òjìji kì í ṣe ségesège. Wọ́n wo fọ́tò náà títí, wọ́n ní, "Tó bá jẹ́ irọ́ ni sáyẹ́ǹsì, kíláàsì ìṣòwò lo máa lọ."

Inú bí mi gan-an! Ẹni tí tiẹ̀ ti dáa ló fi eré ba tèmi jẹ́, ó tún wá ń rẹ́rìn-ín: "Sáyẹ́ńtíìsì Ìlódè, pẹ̀lẹ́ o!"

Mo fa ọmọ odó méjì jáde. Mo ri ọ̀kan sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, mo ri èkejì síbi tí àgbàlá ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sí gọ́tà. Láti orí àga tí bàbá mi jókòó sí, òjìji àkọ́kọ́ nà gbọọrọ, èkejì yà sísàlẹ̀ bí ẹni tó ń lọ ilé ẹlòmíì.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, oòrùn mélòó ló wà lókè?"

Ayálégbé ní, "Ilẹ̀ ni ò dọ́gba!"

Bàbá mi dìde. Wọ́n fa ọmọ odó ti ẹ̀gbẹ́ gọ́tà tu, wọ́n rì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Òjìji méjèèjì bá ń lọ pọ̀. Wọ́n yíjú sí ayálégbé náà: "Ta ló wá sọ fún ẹ pé ilẹ̀ òṣùpá dọ́gba?"

Háà, ọ̀rẹ́, mo fò sókè! Wọ́n ní, "Pé èèyàn tẹ òṣùpá, mi ò tíì gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọ̀gbẹ́ni yìí ti já. Lọ kọ́ sáyẹ́ǹsì ẹ, kó o wá ẹ̀rí tó kù wá fún mi."

Inú mi ṣì ń dùn tí mo bá rántí, inú ṣì ń bí mi. Kì í ṣe torí pé ayálégbé yẹn ò gbà. Bàbá mi náà ò gbà, ṣùgbọ́n wọ́n dìde lọ wò ó. Òun, ojoojúmọ́ loòrùn ń ràn lójú ẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó fẹ́ fẹnu lásán gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ.