Síńgílẹ́ẹ̀tì Alápò

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ìgò òróró àdúrà nítòsí mi, èébì a máa gbé mi. Kò kan ìgbàgbọ́ o. Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo tilẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Òórùn yẹn ni mo kórìíra.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni ọmọbìnrin mi nígbà tí àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ mú un. Ní ọsibítù, wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i láyà, tó gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀bá ọkàn, kí wọ́n lè máa gba ibẹ̀ fún un lóògùn láìgún un lábẹ́rẹ́ nígbà gbogbo. Orí rọ́bà náà yọ síta, ó ń mì dirodiro lórí àyà rẹ̀. Kí á tó padà sílé wa ní Ìbà, nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún mi.

“Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, kí nǹkan kan má fà á o. Kí dọ̀tí má sì kàn án. Bí kòkòrò bá gba ibẹ̀ wọlé, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ tààrà.”

Mo lọ bá télọ̀ kan ní Òkòkòmáíkò. Mo ya ohun tí mo fẹ́ sẹ́yìn ìwé ìdánwò tí mo ń máàkì lọ́wọ́: síńgílẹ́ẹ̀tì òwú rírọ̀, tó ní bọ́tìnì níwájú, tó sì ní àpò kékeré nínú, níbi tí a ó ká orí rọ́bà sí. Ó rán mẹ́fà. Mò ń fọ̀ wọ́n lọ́tọ̀, mò ń fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ wọ́n, débi pé ọkọ mi ń pè mí ní alágbàfọ̀.

Ìyá ọkọ mi dé láti Oǹdó láti wá ràn wá lọ́wọ́. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, wọ́n fẹ́ràn ọmọ náà gan-an. Bí mo bá ti lọ síbi iṣẹ́, àwọn ló ń wọ̀ ọ́ láṣọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ mi yínmú. “Mọ́mì, síńgílẹ́ẹ̀tì yìí ń rùn.”

Lóòótọ́ ló ń rùn, bí epo tí wọ́n fi dín àkàrà láná. Mo rí ọ̀rá lẹ́nu àpò rẹ̀. Mo bi màmá.

“Òróró àdúrà ni, ìyàwó mi. Ìwọ fi aṣọ bò ó, èmi fi Ọlọ́run bò ó. Má fọ èyí o, kí ìbùkún má bàa ṣàn lọ.”

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ọmọ Èkìtì ni mí, ta ló máa wojú ìyá ọkọ sọ pé òróró wọn ń rùn? Mo kúnlẹ̀. “Ẹ ṣé, Mà.” Mo wá yíjú sí ọmọ mi, mo ní, “Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, màmá àgbà á gbọ́.” Mi ò sì fọ aṣọ náà.

Ní ọjọ́ kẹrin, ara rẹ̀ gbóná janjan, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. A gbé e dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tọwọ́ bọ àpò, ó ní nǹkan wà nínú aṣọ, ó sì fi sísọ́ọ̀sì tú ojú rírán. Áńkáṣífù ló fà jáde, ó ti pọ́n, ó ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀. Màmá jẹ́wọ́ pé wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ló fi nu òógùn níbi ìsọjí, àwọn sì fi ọwọ́ ara àwọn rán an mọ́ ibi tí orí rọ́bà ń sùn sí. Òógùn ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí! Lára ọmọ tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé láìfọwọ́! Mo sáré lọ bì.

“Mo fẹ́ kó yè ni,” ni màmá ń sunkún wí ní kọ́rídọ̀. Mo kórìíra wọn lọ́jọ́ náà, mi ò lè wo ọwọ́ wọn.

Wọ́n yọ rọ́bà náà. Wọ́n wá ń gún un lábẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí nọ́ọ̀sì ń wá iṣan tí kò rí, ọmọ mi wò mí, kò tilẹ̀ sunkún mọ́.

“Mọ́mì, mo sọ fún yín pé ó ń rùn.”