Mo Fi Nọ́ńbà Mi Tọrẹ, Àṣírí Obìnrin Kan Bá A Lọ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi létí díẹ̀ kí n ròyìn ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi fà. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Agbẹ̀bí ni mí ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Odomẹta, ní agbègbè Kétu ní Bẹ̀nẹ̀. Táńtì ni gbogbo èèyàn ń pè mí. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo fi nọ́ńbà fóònù mi ṣí àkáǹtì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn obìnrin tí ojú ń tì láti béèrè ọ̀rọ̀ níta lè máa kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀. Wọ́n sì kọ̀wé lóòótọ́! Ọ̀rọ̀ oyún, ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù, ọ̀rọ̀ ọkọ.

Nígbà tó yá, gbogbo wa kó lọ sí Wasáàpù. Mo ra fóònù tuntun, mo gba nọ́ńbà tuntun. Àkáǹtì àtijọ́ ńkọ́? Mo kàn fi í sílẹ̀ ni. N kò pa á rẹ́, n kò nu ọ̀rọ̀ kankan kúrò nínú rẹ̀. Mo rò pé bí èèyàn kò bá ti ṣí i mọ́, ó parí nìyẹn!

Síìmù àtijọ́ náà, mo fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó lọ́kọ sí Kpankou. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Rósù. Kò ní nọ́ńbà, èmi náà kò sì lo tèmi mọ́. Kí ló burú níbẹ̀?

Rósù fẹ́ ṣí àkáǹtì tirẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà náà sí i, wọ́n fi kóòdù ránṣẹ́ sí i. Bó ṣe tẹ kóòdù náà, àkáǹtì mi ló ṣí sílẹ̀ gbayawu! Ó ń kà á lọ títí ó fi rí orúkọ aládùúgbò rẹ̀ kan.

Aládùúgbò náà, màá pè é ní Sikira. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ó ti kọ̀wé sí mi nígbà yẹn pé ọmọ mẹ́ta tí òun bí léra ti tán òun lókun, òun fẹ́ gba abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí, ṣùgbọ́n kí ọkọ òun má gbọ́, nítorí ìyá ọkọ òun ń retí ọmọ mìíràn. Rósù sọ ọ́ fún ẹnìkan níbi tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo. Ẹ ṣáà mọ bí ibẹ̀ ṣe rí!

Bí Sikira ṣe wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan nìyẹn. Mo rò pé ara ọmọ rẹ̀ ni kò yá. Kò pariwo. Ó ní, "Táńtì, ta lẹ sọ ọ́ fún? Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún láyé yìí."

Mo búra pé n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ọ̀rọ̀ tí òun kọ gan-an ni wọ́n ń sọ kiri, bí òun ṣe kọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ sì ti ní kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rántí àkáǹtì yẹn. Mo rántí síìmù tí mo fún Rósù pẹ̀lú.

Mo gun ọ̀kadà lọ bá Rósù. Ó bú sẹ́kún, ó ní òun kò mọ̀ pé yóò dà báyìí. Mo fẹ́ bínú sí i, ṣùgbọ́n ta ló fún un ní nọ́ńbà náà? A jọ fi kóòdù wọlé. Mo nu gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, mo yọ nọ́ńbà náà kúrò, mo ní kí wọ́n pa àkáǹtì náà rẹ́ pátápátá. Kò tilẹ̀ pẹ́ rárá! Ohun tí ǹ bá ti ṣe kí n tó fa síìmù lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, mo lọ kúnlẹ̀ bẹ ọkọ Sikira lóko rẹ̀. Ó gbọ́ mi títí mo fi parí. Ó ní, "Táńtì, abẹ́rẹ́ yẹn kọ́ ló ń dùn mí mọ́. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́ kí èmi tó gbọ́. Ṣé ẹ lè bá mi gbà á padà lẹ́nu wọn?"

Mo tún bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo wá gbọ̀nà ilé.

Ó gba ìyàwó rẹ̀ padà, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Sikira kò wá sọ́dọ̀ mi mọ́. Bí ara ọmọ rẹ̀ kò bá yá, ilé ìwòsàn Kétu ló ń gbé e lọ. Tí a bá pàdé lọ́jà, ó ń kí mi dáadáa, ó sì ń kọjá lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń kúrò nínú àkáǹtì kan, ẹ má kàn jáde. Ẹ nu ohun tó wà níbẹ̀, ẹ yọ nọ́ńbà yín, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tó fi síìmù tàbí fóònù fún ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá yín. Àṣírí tiyín nìkan kọ́ ló wà nínú rẹ̀!

Ẹ̀yin ńkọ́? Àkáǹtì wo lẹ ti gbàgbé síbì kan? Ṣé irú èyí ti kàn yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni.