Bí A Ṣe Ṣètò Láti Lọ sí Leeds

Màmá mi ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ pé ká lọ sí Leeds. À ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nílé wa ní Surulere, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n kàn gbójú sókè, wọ́n ní, "Mo fẹ́ lọ wo ibi tí ẹ̀gbọ́n ẹ gbé." Wọn ò sọ pé ibi tó kú sí. Wọn ò sì sọ pé ibi tí wọ́n sin ín sí. Mo ní, "Leeds, mà?" Wọ́n ní, "Ṣé ó tún gbé ìlú míì ni?" Mo bá tẹjú mọ́ ẹ̀wà mi.

Àwa méjì péré ni màmá mi bí. Ọdún méjì ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi jù mí lọ. Mi ò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí, nítorí náà kò sí ẹni tó máa ní kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Leeds yìí, ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ti ń ṣiṣẹ́ nílé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Àìsàn tí kò tó ọ̀sẹ̀ kan ló mú un lọ. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Mo wo ìsìnkú náà lórí fóònù, nínú yàrá àwọn olùkọ́ níléèwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì. Wọn ò jẹ́ kí màmá mi wò ó rárá, torí òbí kì í sin ọmọ nílẹ̀ wa, kì í sì í dé ojú oórì ọmọ. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì jókòó yí wọn ká ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà, bí wọ́n bá ti fẹ́ dìde, wọ́n á dì wọ́n mú. Gbogbo wọn ló bí mi nínú. Mo ní nínú ara mi pé, ta ló bí i, ẹ̀yin àbí màmá mi?

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n màmá mi obìnrin gbọ́ ọ̀rọ̀ Leeds, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ránṣọ ní Pápá Àjàó, wọ́n dé ilé wa. Ìyá àgbà náà ò tíì mu omi tí mo gbé fún wọn tí wọ́n fi dojú kọ àbúrò wọn. "Ṣé oórì ọmọ lo fẹ́ lọ fojú rí? Ṣé o ò mọ̀ pé ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní á tún rí òmíràn ni?"

Mo ní, "Mọ́mì àgbà, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa ń ka Bíbélì fún wa nínú ìjọ."

Wọ́n wò mí títí. "Ọmọ yìí, ẹnu ẹ mú jù."

Mo ní kò tíì mú tó. Màmá mi ní kí n lọ wo ìkòkò lórí iná. Kò sí ìkòkò kankan lórí iná, mo ṣáà lọ dúró sí kíṣìnnì.

Nígbà tí mo padà wọlé, wọ́n ti fẹnu kò. Màmá mi lè lọ, àmọ́ wọn ò gbọ́dọ̀ débi oórì. Èmi tí mo jẹ́ àbúrò ni màá lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n á dúró dè mí ní họ̀tẹ́ẹ̀lì. Ohun tí màmá mi ń wá náà nìyẹn: kí wọ́n sún mọ́ ọmọ wọn débi tí èèwọ̀ bá gbà wọ́n láyè dé. Ní tèmi, èèwọ̀ wo nínú òtútù òyìnbó? Àmọ́ mo gbà, torí ó ti pẹ́ tí mo ti rí wọn kí wọ́n fẹ́ nǹkan kan.

A bẹ̀rẹ̀ ètò. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni màmá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọn ò fẹ́ ohun tó rí wúruwùru. Bí mo bá ti dé láti iléèwé, wọ́n á wọ awò ojú wọn, wọ́n á ní kí n ṣí fóònù. Ọjọ́ tá a bá dé, a ó sinmi. Lọ́jọ́ kejì, a ó lọ wo àdúgbò tó gbé, a ó sì gba ọjà alórùlé tó ti máa ń ra iṣu àti ata rodo kọjá. A ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí York lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ibẹ̀, torí Áńgílíkà tó bá dé York tí kò wò ó, kí ló lọ ṣe? Lẹ́yìn náà la ó lọ sí Ilkley, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà, tí ẹ̀gbọ́n mi ti ya fọ́tò lórí òkè. Àpáta ńlá kan wà níbẹ̀, kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo sọ fún màmá mi pé àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n ní màlúù àti ọmọ rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òyìnbó ò níṣẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní ó tó fún tòní.

A lọ sí ọjà Tejuoso lọ ra kóòtù. Nínú ooru yẹn ni màmá mi gbé kóòtù onírun wọ̀, tí òógùn ń já bọ́ lójú wọn, tí obìnrin tó ń tà á ń sọ pé, "Mọ́mì, ó bá yín mu gan-an." Màmá mi ò bọ́ ọ. Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n ń bi mí bóyá irú èyí ni ẹ̀gbọ́n mi ní, bóyá tiẹ̀ nípọn tó báyìí. Mo ní ó nípọn jù ú lọ. Mi ò mọ̀ bóyá ó nípọn.

Gbogbo ètò wa ń lọ déédéé títí a fi dé orí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì. Àràárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń pe màmá mi nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́. Á ní, "Mọ́mì, mo ti wà lókè, níwájú," torí alájà méjì ni bọ́ọ̀sì náà. Wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ títí á fi sọ̀kalẹ̀. Màmá mi ní bọ́ọ̀sì yẹn gan-an làwọn fẹ́ wọ̀. Mo kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ó sì fi nọ́ńbà bọ́ọ̀sì náà ránṣẹ́. Mo ṣí máàpù, mo ń fi ìka tọ ọ̀nà náà lọ bí mo ṣe máa ń kọ́ àwọn ọmọ. Iwájú itẹ́ òkú tí wọ́n sin ín sí ni ọ̀nà náà gbà. Ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró wà lọ́kánkán géètì ibẹ̀ gan-an. Àṣé láràárọ̀ ló ń kọjá níwájú ibẹ̀, tó ń bá ìyá rẹ̀ ṣàwàdà lórí fóònù. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú lọ.

Mo sọ fún màmá mi pé tákísí máa rọrùn jù. Wọ́n ní, "Kí ló dé?" Mo ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Wọ́n tún bi mí, mo bá sọ ọ́.

Wọ́n ní, "Apá ibo ló máa wà?"

"Apá ọ̀tún, mà."

"Apá òsì ni màá jókòó sí."

Físà wa jáde, tèmi àti tiwọn. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, bá a ṣe ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dúró lójú ọ̀nà. "Tá a bá ń padà bọ̀ ńkọ́?" Mo ní ó máa wá di apá òsì. Wọ́n mi orí, a sì ń lọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá kóòtù onírun náà lórí ibùsùn mi. Màmá mi ní, "Ìwọ ni kó o lọ. Mi ò lọ mọ́."

Orí mi gbóná. Mo ní ká yọ bọ́ọ̀sì kúrò nínú ètò náà, ká yọ àdúgbò náà kúrò pátápátá, kí wọ́n kàn wo York àti àpáta kí wọ́n máa bọ̀. Wọ́n ní, "Mo mọ ara mi. Tí mo bá ti dé ìlú yẹn, kò sí bí mi ò ṣe ní débẹ̀. Màá sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì yẹn."

"Ẹ sọ̀kalẹ̀, mà! Ọmọ yín ni. Ṣé ẹ gba ohun tí Mọ́mì àgbà sọ gbọ́ ni?"

"Mi ò mọ̀," ni wọ́n wí. "Ó lè jẹ́ òótọ́, ó lè jẹ́ irọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan ló kù. Mi ò lè fi ẹ́ dán an wò."

Gbogbo bí mo ṣe ń bínú sí èèwọ̀ yẹn láti ọjọ́ ìsìnkú, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé èmi lọmọ tó kù tí wọ́n ń bẹ̀rù fún. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo ń sunkún. Màmá mi jókòó tì mí, wọ́n fi etí ìró wọn nu ojú mi.

Wọ́n ní, "Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ìwọ lo máa sin mí." Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Tó o bá débẹ̀, má kánjú. Bá mi jókòó tì í díẹ̀. Ṣé ibi ìjókòó wà níbẹ̀?"

Mo ní mi ò mọ̀, mà.

Wọ́n ní, "Mú nǹkan tó o máa jókòó lé dání."